Ewé Kan Tó Dúró

Èmi Oddný ni mo ṣe alárinà ìgbéyàwó yìí, èmi náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Sólrún àti Bergur fúnra wọn ni wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ wọn, irọ́ ló ń pa. Mo ti darúgbó báyìí, ẹ̀gbọ́n mi Rannveig ti lọ sinmi, n kò sì rí ẹni tí mo tún ń tìtorí rẹ̀ fi nǹkan pamọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Rannveig bí, Ketill lorúkọ rẹ̀. Sólrún ni àfẹ́sọ́nà Ketill. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjì oṣù kẹwàá gbé ọkọ̀ tí Ketill fi ń pẹja ṣàwá lọ. Àwọn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Òkun dá òkú márùn-ún padà fún wa, ó sì gba Ketill mọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Sólrún nígbà náà. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Brekka, oko ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè etí òkun, ó ní òun kò lè fi ìyá Ketill sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní òun fẹ́ lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló lò.

Ní àríwá Iceland níbí, kò sí ilé tí kì í ṣe búrẹ́dì ewé kí Kérésìmesì tó dé. Ọjọ́ kan ni gbogbo ẹbí máa ń jókòó yí tábìlì ká fún un. Rannveig a yí ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Olúkúlùkù a mú ọ̀bẹ kékeré rẹ̀, a gé e ní ṣónṣó ṣónṣó bí orí ọfà, a fi orí ọ̀bẹ gbé ṣónṣó kọ̀ọ̀kan, a tẹ̀ ẹ́ lé èyí tó tẹ̀lé e lórí, títí ìlà ewé yóò fi rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì bí irun tí a dì. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sínú ọ̀rá àgùntàn tó ń hó. Kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ sára búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá to ogójì sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò tọ́ka sí èyí tí ìyá rẹ̀ gé.

Ọwọ́ Ketill ló dára jù ní gbogbo àfonífojì wa. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ ló máa ń gé, ewé tó bá sì kẹ́yìn ní ẹnu kẹjọ, kì í tẹ̀ ẹ́. Á fi í sílẹ̀ ní ìdúró. Sólrún bi í nígbà kan pé kí ló dé, ó ní, “Ilẹ̀kùn ni. Bí mo bá jáde, ibẹ̀ ni n ó gbà wọlé.” Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Lẹ́yìn tí ó kú, Rannveig kò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ọjọ́ búrẹ́dì. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí omi gbé lọ a máa wálé jẹun pẹ̀lú aṣọ tútù lára, kò sì yẹ kó bá ilé ní títì. Nítorí náà a ó jókòó tàwa ti kóòtù lọ́rùn, ẹ̀fúùfù yóò máa fẹ́ ìyẹ̀fun sí wa lójú. Níwájú àga Ketill, búrẹ́dì kan a máa wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé, bẹ́ẹ̀ náà ni Rannveig yóò sì dín in. Búrẹ́dì tí a kò gé a máa wú nínú ọ̀rá. Á yọ ikùn, á funfun, á léfòó, bí ohun tó ti pẹ́ nínú omi. Sólrún kì í lè wò ó. Á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo àgùntàn.

Ọ̀kan ló kù nínú àwọn tí Ketill gé gbẹ̀yìn. Rannveig fi aṣọ ìnujú wé e, ó gbé e sínú agolo bisikíìtì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà mìíràn á ṣí i, á wò ó, á sunkún díẹ̀, á tún dé e pa.

Ọdún keje ni Bergur dé. Àwọn tó ń na wáyà iná wọ inú oko ló bá wá láti gúúsù, ilé mi ló sì wọ̀ sí. Ọkùnrin gíga ni, etí rẹ̀ tóbi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹun tán, á fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti sin ọkọ méjì, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Iwájú fèrèsé Rannveig ni wọ́n fẹ́ ri òpó sí. Ẹ̀gbọ́n mi rán Sólrún sí wọn pẹ̀lú ife kọfí kan àti ojú líle.

“Màmá ní ẹ kò gbọdọ̀ ri òpó yẹn síbí o.”

“Kí ni òpó ṣe wọ́n?” Bergur béèrè láti inú ihò.

“Yóò dí òkun lójú wọn.”

“Gbogbo òkun yẹn? Òpó kan ṣoṣo?”

“Ṣé ẹ fẹ́ mu kọfí yìí ni àbí ẹ fẹ́ bá mi jiyàn?”

“Mo lè ṣe méjèèjì.”

Sólrún rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín náà bá òun lójijì, òun sì yára wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Bergur dí ihò náà, ó gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀yìn ilé àgùntàn. Ní ọjọ́ kejì ó tún gòkè lọ sí Brekka, ó ní òun ń lọ wo ihò tí òun dí.

“Ihò tí a ti dí, kí lo tún ń wò níbẹ̀?” mo bi í.

“Bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀, mà.”

“Ọkàn rẹ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Jókòó, jẹun.”

Ó wo ihò yẹn jálẹ̀ ìgbà ẹ̀rùn. Nígbà tí a kó àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní oṣù kẹsàn-án, ó ti sọ tẹnu rẹ̀ fún Sólrún. Sólrún wá bá mi ní ìdáná, kò lè jókòó.

“Àǹtí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.”

“Kí ló wá ń jẹ ojú títì níbẹ̀? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ẹ́.”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá rẹ́rìn-ín ni mo máa ń rí Ketill lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń kán lára rẹ̀. Kì í bínú, Àǹtí. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn máa ń dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n fún òun ní àga.”

Mo dì í mú, mo sì ṣe ìlérí fún un pé n ó bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Rannveig ń hun ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì dá a dúró.

“Ará gúúsù?”

“Ará gúúsù ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé wọ́n ń gé búrẹ́dì ewé lọ́hùn-ún?”

“Wọn kì í gé e.”

“Kí wá ni wọ́n fi ń rántí ara wọn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó ń fọ abọ́ ni mo ń bá yín sọ!”

“Kó máa fọ abọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lè mú ọ̀bẹ lórí tábìlì ọmọ mi kò lè mú ọwọ́ Sólrún kúrò ńbẹ̀.”

“Bó bá lè mú un ńkọ́?”

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. “Jẹ́ kó wá ní ọjọ́ búrẹ́dì. A ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, Rannveig wà ní ilé ìwòsàn, èmi sì ń gbá yàrá rẹ̀. Mo fa agolo yẹn jáde, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀rúnrún ni mo bá. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo da ẹ̀rúnrún náà sórí yìnyín fún àwọn ẹyẹ, mo lọ sílé, mo sì po ìyẹ̀fun. Mọ́kànlá ni mo gé kí ọ̀kan tó jọ ti Ketill. Mo fi kọfí díẹ̀ pa á lára kó lè rí bí èyí tó ti gbó. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì tí èmi gé ni ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lé lórí.

Nítorí náà ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ dáadáa, òun ni mo sì fi kọ́ Bergur. N kò sọ ẹni tó ni ín fún un. Mo rò pé bó bá ti tẹ ewé tó kẹ́yìn, yóò di ìràwọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni lè gé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ìka rẹ̀ nípọn, ó ń ya ìyẹ̀fun bí ẹni ń ya àkísà, a sì ń jẹ àbùkù náà ní àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́.

“Gbogbo ewé ni kó o tẹ̀ o,” mo ń tẹnu mọ́ ọn. “Má fi ìkankan sílẹ̀.”

“Kí ló dé, mà?”

“Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ ẹ, ìbéèrè lò ń bi mí!”

Ọjọ́ pé. Àwa mẹ́rin la jókòó: Rannveig, Sólrún, Bergur àtèmi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, yìnyín ń wọlé. Bergur gé búrẹ́dì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹnu kìíní, ẹnu kejì, títí dé keje, kò já kankan. Inú mi ń dùn, Sólrún ń wò ó láti abẹ́ ìpéǹpéjú. Ó dé orí ewé tó kẹ́yìn ní ẹnu kẹjọ. Ó fi ọ̀bẹ gbé e, ó tẹ̀ ẹ́. Ewé náà dìde padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dìde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ó ti gan,” ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà ti gbẹ ẹ́.”

Ewé náà dúró ṣánṣán níwájú gbogbo wa.

Igi tí Rannveig fi ń yí ìyẹ̀fun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo búrẹ́dì, ó wo ẹnu ọ̀nà. Yìnyín tó wọlé ti yọ́ síbẹ̀, omi ti rin ilẹ̀.

“Ketill,” ó ní. Ó di orí Bergur mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ìyẹ̀fun kún un lójú. “O pẹ́ kí o tó dé, ọmọ mi. O pẹ́ gan-an.”

Bergur gan-an kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àna lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Kí kọfí tó hó, Rannveig ti ní kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà kíákíá, ó ti gbé súwẹ́tà Ketill jáde nínú àpótí, ó sì ti wọ̀ ọ́ fún Bergur. Apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó bá a mu rẹ́gí.

Sólrún jáde lọ sí ilé àgùntàn, Bergur tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà. Ẹ má bi mí ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀, alárinà ni mí.

“Bọ́ súwẹ́tà yẹn,” Sólrún sọ.

“Màmá ló wọ̀ ọ́ fún mi. Wọ́n ti gbà, Sólrún. Ṣé kì í ṣe ohun tí a ń wá nìyẹn?”

“Ta ni wọ́n gbà?”

Bergur ń fa apá súwẹ́tà náà tó kúrú.

“Ìràwọ̀ Ketill lo gé. Súwẹ́tà Ketill lo wọ̀. Ọdún méje ni mo fi bá òkú gbé inú ilé yìí, Bergur. Mo rí ẹ nínú ihò níbẹ̀ yẹn, mo ní Ọlọ́run ṣeun, alààyè rèé. Bó o bá fẹ́ jẹ́ Ketill fún wọn, o ò lè jẹ́ ọkọ fún mi. Mi ò ní fẹ́ òkú lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ṣé kí n wá lọ sọ fún ìyá arúgbó pé ọmọ wọn ò tíì dé?”

“Mi ò mọ̀!” Ó ti ń sunkún. “Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá padà wọlé pẹ̀lú aṣọ yẹn, ọ̀rọ̀ wa parí.”

Bergur bọ́ súwẹ́tà náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó dúró nínú òtútù tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó bi mí ẹni tó ni ìràwọ̀ náà gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan agolo.

“Mà,” ó ní, “ẹ gbé mi wọ ara òkú, ẹ ò sì sọ fún mi.” Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. Ó lọ di ẹrù rẹ̀, ó ní ọkọ̀ tó ń gbé wàrà ní ọ̀la ni òun máa bá lọ.

Mo mọ̀ pé bí mo bá pa ẹnu mọ́, ẹ̀gbọ́n mi yóò ní ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan, Sólrún yóò sì pàdánù ọkọ rẹ̀ títí ayé. Mo padà wọlé. Rannveig gbé agolo lé itan, ó to búrẹ́dì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

“Wò ó, Oddný. Ọwọ́ kan náà.”

“Ọwọ́ kan náà ni lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ni.”

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Ti Ketill dà?”

“Àwọn ẹyẹ ti jẹ ẹ́.”

“Jáde,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Odindi ọdún kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa wo fìlà mi. Nígbà tí Bergur gbọ́ pé mo ti jẹ́wọ́, ó tú ẹrù rẹ̀. Sólrún ní òun máa fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun kò ní yọ́ jáde nílé tí òun ti gbé fún ọdún méje bí olè. Àfi kí Màmá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí òun máa lọ. Bergur ní òun á dúró. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òdìkejì omi, ó sì ń kọ lẹ́tà sí Sólrún. Èmi ni mo ń gbé e gòkè lọ sí Brekka, mo ń fi í sábẹ́ òkúta lẹ́bàá géètì, mo ń sá padà.

Oṣù Kejìlá tún dé. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi, mo ṣí i, Bergur ni.

“Ẹ̀gbọ́n yín kọ lẹ́tà sí mi, mà. Wọ́n ní kí n wá, kí n mú yín lọ́wọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ọ̀bẹ yín.”

Ilẹ̀kùn Brekka ṣí gbayawu bí ti àtẹ̀yìnwá. A jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ṣùgbọ́n níwájú àga Ketill kò sí ìyẹ̀fun kankan, agolo yẹn ló wà níbẹ̀. Rannveig ṣí i.

“Oddný, ìwọ lo gé eléyìí?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mélòó lo gé kó tó jọ tirẹ̀?”

“Mọ́kànlá.”

“Mọ́kànlá,” ó tún un sọ. Ó gbé búrẹ́dì náà jáde, ó wò ó lójú, ó sì ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Sólrún fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi fún olúkúlùkù wa ní tirẹ̀. “Oúnjẹ ni,” ó ní. “Ó yẹ ká ti jẹ ẹ́ tipẹ́.”

A jẹ ẹ́. Ó ti kan, ọ̀rá rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn eyín. Rannveig ń jẹ, ó ń jẹ, ó wá dáwọ́ dúró.

“Kí ni mo ń tọ́ wò nínú rẹ̀ yìí?”

“Kọfí ni,” mo dáhùn. Mo ti ń wá ibi tí n ó sá gbà.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí n kò gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, Sólrún sì dì í mú láti ẹ̀yìn títí ó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó yí ìyẹ̀fun tuntun, ó tì í sí iwájú ọkùnrin náà.

“Bergur,” ó ní, ó sì pe orúkọ náà dáadáa. “Gé tìrẹ.”

Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tó ṣe tán, ìlà ewé mẹ́ta ló rìn wọ́gọwọ̀gọ, okùn kan sì so wọ́n pọ̀ lókè, ó ya ní ibi méjì.

“Kí nìyí?” Rannveig béèrè.

“Òpó iná ni, Màmá.”

“Ó burú.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ó burú gan-an. Àwọn ọmọ yín á máa rí i lọ́dọọdún, wọ́n á máa rò pé orí bàbá wọn dàrú.”

Sólrún gbé ojú sókè lójijì. Èmi ń ka ìka mi lábẹ́ tábìlì, n kò mọ ohun tí mo ń kà. Kò tètè yé Bergur. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ pọ́n jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé búrẹ́dì burúkú náà, ó dín in, ó sì gbé e lé orí gbogbo tiwa nínú àwo.

Ẹ̀fúùfù fẹ́ wọlé, ìyẹ̀fun gbọ̀n lórí tábìlì.

“Sólrún.”

“Mà?”

“Lọ ti ilẹ̀kùn yẹn. Òtútù ń mú ọkọ rẹ.”

Sólrún dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí òkun wà. N kò mọ ohun tó rí, n kò sì bi í títí di òní. Lẹ́yìn náà ó rọra ti ilẹ̀kùn. Rannveig kò gbójú sókè. Ó ń yí ìyẹ̀fun lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù wa lọ́kọ̀ọ̀kan.